Eruku Lójú Fíìmù, Ilà Lójú Ènìyàn

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ni pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ń pẹ́ tó báyìí lórí fọ́tò kan ṣoṣo?" Àwa mẹ́rin ni a máa ń jókòó ti sikáánà lópin ọ̀sẹ̀, tí a ń sọ nẹ́gẹ́tíìfù àtijọ́ di àwòrán inú kọ̀ǹpútà fún àwọn ará ilé wa, fún àwọn akẹgbẹ́ wa, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá rí páálí fọ́tò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ a tún fi kún un pé, "Ṣebí bọ́tìnnì kan wà tó ń yọ eruku kúrò? Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí kálukú máa lọ." Bọ́tìnnì wà lóòótọ́. Ìdí tí a kì í fi í tẹ̀ ẹ́ fún fọ́tò dúdú-àti-funfun ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan náà ṣe kéré tó. Àwòrán kan lórí fíìmù tí àwọn onífọ́tò ń pè ní tatí-fáìfù gùn ní mílímítà 36, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 24. Kò ju ìdajì ojú páálí ìṣáná lọ. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó gùn ní ínǹṣì 10, a ní láti fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méje. Bí àwòrán bá sì ṣe ń dàgbà ni eruku orí rẹ̀ ń bá a dàgbà. Eruku tí kò ju mílímítà 0.1 lọ, tí ojú lásán kì í fẹ́ẹ̀ rí, yóò sún mọ́ mílímítà kan lórí pépà. Bí ó bá bọ́ sí ara ògiri ẹ̀yìn, kò burú. Bí ó bá bọ́ sínú ẹyin ojú, ẹni náà di afọ́jú.

Eruku kò sì ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Nẹ́gẹ́tíìfù máa ń yí nǹkan padà ni: ibi tó bá dúdú lórí rẹ̀ ni yóò funfun lórí pépà. Eruku tó bá bà lé fíìmù nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ tàbí tí a ń fi sikáánà kà á yóò dí ìmọ́lẹ̀, funfun ni yóò sì jáde. Èyí tó ti wà nínú kámẹ́rà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò yàtọ̀. Ó ti ṣíji bo fíìmù lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ wá mọ́ gaara, nítorí náà dúdú ni yóò jáde. Bí nǹkan bá ha fíìmù débi tí gèlátìn fi ṣí kúrò, dúdú ni yóò jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn fíìmù, níbi tó ń dán, ló ha, funfun ló sábà máa ń jáde. Àmì funfun, àmì dúdú, tóóró bí òkun abẹ́rẹ́. Ta ni yóò sọ fún kọ̀ǹpútà èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí nínú wọn àti èyí tó jẹ́ ojú ènìyàn?

Ọ̀kan nínú wa mú fọ́tò kan wá láti ilé lẹ́yìn ìsinmi Kérésì. Ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n yà níbẹ̀, nígbà tí màmá ṣì wà ní ọmọge. Ṣọ́ọ̀bù kan ló bá wọn fi nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ ṣe é lọ́tun, kí wọ́n lè gbé e kọ́ níbi ìrántí ọdún kẹwàá tí màmá ti lọ. Fọ́tò náà mọ́ tónítóní. Kò sí àmì lára ògiri, kò sí àmì lára aṣọ òkè. Wọ́n gbé e fún àǹtí wọn àgbà, àkọ́bí màmá. Àǹtí wò ó títí, wọ́n ní, "Ta rèé?"

Wọ́n ní, "Màmá yín ni, mà. Ṣé ẹ ò dá wọn mọ̀ ni?"

Àǹtí ní, "Màmá tiwa ní pélé lójú. Èyí ò ní nǹkan kan. Ẹ lọ bá mi wá màmá mi wá."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán, nítorí pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá wọn ṣe fọ́tò náà kò ní ibi lọ́kàn. Bọ́tìnnì ayọ-eruku ló tẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù ṣì wà nínú àpòòwé rẹ̀, a sì fi sikáánà kà á láìtẹ bọ́tìnnì kankan. Pélé jáde, mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró ṣánṣán bí wọ́n ṣe kọ wọ́n.

A wá wọn nǹkan náà. Láti àgbọ̀n dé iwájú orí, ojú màmá lórí fíìmù kò gùn ju mílímítà mẹ́jọ lọ. Ìbú pélé kan kò ju ti fọ́nrán irun orí kan lọ. Ohun tí eruku fi tóbi náà nìyẹn. Bọ́tìnnì yẹn kò mọ ènìyàn, kò mọ ìdílé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá ohunkóhun tó tín-ín-rín tí kò bá jọ àwọn tó yí i ká, yóò sì fi àwọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ bò ó. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán ní í doge. Olóólà fi abẹ kọ ọ́, ọmọ sunkún, ojú jinná, ó di ẹwà, ó di àmì ìdílé. Kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Fíìmù aláwọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Applied Science Fiction ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Digital ICE, tó wà nínú ọ̀pọ̀ sikáánà fíìmù. Sikáánà náà á fi ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn kì í rí, ka fíìmù lẹ́ẹ̀kan sí i. Aró inú fíìmù aláwọ̀ kì í dí ìmọ́lẹ̀ yìí, eruku ló ń dí i. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á mọ ibi tí eruku jókòó sí gan-an, kì í ṣe pé ó ń méfò. Ṣùgbọ́n fíìmù dúdú-àti-funfun àtijọ́ kò ní aró. Fàdákà ló di àwòrán inú rẹ̀, fàdákà sì ń dí infrared bí eruku ṣe ń dí i. Lójú ẹ̀rọ yẹn, ìyá àgbà látòkè délẹ̀ eruku ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò ọdún 1960 sí 1970, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ nìkan ló ní.

Ibi tí èyí gbé wa dé ni pé, kàkà ká máa lé eruku nínú kọ̀ǹpútà, níbi tó ti dà pọ̀ mọ́ ilà, ká lé e kó tó débẹ̀. Eruku tí kò bá dé orí fíìmù, kò sẹ́ni tí yóò ṣì í mú fún pélé.

Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ ńlá ni. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ti àdúgbò nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti ilẹ̀ gbígbẹ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá ti wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Atẹ́gùn láti àríwá-ìlà-oòrùn ló ń gbé e wá bá wa láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Ó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà tún fi kún ìyọnu. Ẹni tó bá ti bọ́ ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù nínú òkùnkùn lásìkò ọyẹ́ mọ bó ṣe ń ta páràpárà. Iná kan náà ló ń gbé lára fíìmù, òun ló sì ń fa eruku mọ́ra. Bí a bá wá fi aṣọ gbígbẹ nu fíìmù pé ká mú eruku kúrò, ṣe la tún ń dá iná náà sí i, tí yóò sì tún fa òmíràn.

Ohun tí à ń ṣe kò le. A kì í gbálẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Aṣọ tútù la fi ń nu ilẹ̀ àti tábìlì. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́: wọ́n á wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó ti fèrèsé, a ó pa fáànù, a ó sì jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí èyí tó ń fò lókè lè balẹ̀. Nígbà ọyẹ́ a máa ń ta táwẹ̀lì tútù sínú yàrá, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè tó bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. A kì í wọ súwẹ́tà tàbí aṣọ tó ń hu òwú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun kò gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì.

Sikáánà pẹlẹbẹ ní gíláàsì méjì, nísàlẹ̀ àti nínú ìdérí. Fíìmù ní ojú méjì. Mẹ́rin nìyẹn, eruku lè bà lé èyíkéyìí nínú wọn. Gíláàsì la kọ́kọ́ ń nù, tí a ó sì bò ó. Fíìmù kì í kúrò nínú àpòòwé títí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Etí rẹ̀ la fi ń mú un, nítorí ìbọ̀wọ́ òwú náà máa ń jábọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí fíìmù. A ó fi bulówà rọ́bà fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí a kò fi ṣe nǹkan mìíràn. A kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́. Atẹ́gùn inú agolo náà ní ewu tirẹ̀: bí a bá dorí rẹ̀ kodò, ó lè tu omi sórí fíìmù. Bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ọn ju ìyẹn lọ, a lè fi òwú rírọ̀ àti ọtí isopropyl tó jẹ́ ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ ọ wò ní etí fíìmù, níbi tí kò sí àwòrán, lójú tó ń dán. Bí fíìmù bá ti bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu, omi kò gbọdọ̀ kàn án rárá, nítorí gèlátìn tó ti bu lè yòrò, kí àwòrán sì bá a lọ. Bí ó bá ń rùn bíi fínígà, ike fíìmù náà ti ń jẹrà. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì tètè kà á.

Lórí nínu yìí, bàbá onífọ́tò kan tó ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ náà ló là wá lójú. Wọ́n wá wò wá lọ́jọ́ kan, a sì fẹ́ fi ọtí kan fíìmù kan tó ní àwọn àmì dúdú wínníwínní lábẹ́ ojú ẹni tó wà níbẹ̀. Bàbá na ọwọ́ jáde.

"Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ohun tí ẹ pè ní ìdọ̀tí yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ni."

Pẹ́ńsùlù ni. Láyé ìgbà náà, onífọ́tò á gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù títí yóò fi mú bí abẹ́rẹ́, á jókòó ti nẹ́gẹ́tíìfù, á máa to àmì tín-ín-tìn-tín sí ibi tí òjìji pọ̀ jù lábẹ́ ojú tàbí níbi tí rorẹ́ wà. Ibi tí pẹ́ńsùlù bá kàn á dí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, ojú á sì dán lórí pépà. Bí a bá fi ọtí nù ún, wákàtí méjì ẹni yẹn ti lọ. A bi Bàbá bóyá àwọn oníbàárà máa ń ní kí wọ́n yọ ilà ojú náà.

Bàbá ní, "Rorẹ́ ni wọ́n ń ní ká yọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé kí n yọ ilà tí bàbá òun kọ fún òun."

Bàbá ló tún fi ọ̀nà tí a fi ń dá ilà mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ha fíìmù hàn wá. A ó pa iná yàrá, a ó gbé fíìmù dúró, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹ̀gbẹ́ rìn lójú rẹ̀. Eruku á yọ gúlú-gúlú. Ibi tí nǹkan ti ha á kọ mànà. Ilà ojú kì í kọ, torí pé inú àwòrán ló wà, kì í ṣe orí fíìmù. Èyí wúlò jù lọ fún bààmú, ilà kan ṣoṣo tó dábùú láti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tó jọ ibi tí nǹkan ti ha fíìmù tó o.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì la ń fi sikáánà ka fíìmù kan, tí a ó fẹ́ ẹ láàárín kíkà méjèèjì. Eruku á ti yí ibi padà. Ohun tó bá wà ní ojú kan náà nínú àwòrán méjèèjì, a kì í fọwọ́ kàn án títí tọ́ọ̀ṣì yóò fi sọ̀rọ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ la ń tọ́jú bó ṣe wà, ní TIFF, láìtún un ṣe. Orí ẹ̀dà rẹ̀ la ti ń pa eruku rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́. Ibi tó bá jẹ́ ojú ènìyàn ló ń gba àkókò wa, nítorí ibẹ̀ la ti máa ń dúró bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé.

Ilà ojú nìkan kọ́ ni ohun tó tín-ín-rín tó yẹ ká ṣọ́. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní dáàkírúùmù ìjọba ní Ìbàdàn ní ọdún 1954, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, ó sì ń yà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú ìyàrun tó funfun tóóró láàárín irun dúdú ni gbogbo ẹwà àwọn fọ́tò náà. Ẹ ronú ohun tí bọ́tìnnì ayọ-eruku yóò fi wọ́n ṣe. Stephen Sprague náà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978 nípa àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ìlà ìsopọ̀ lè hàn láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò mọ ìtàn á rò pé fíìmù ló bàjẹ́. Ìyá tó ní kí wọ́n ṣe é mọ ohun tí ìlà yẹn jẹ́.

Àwọn tó ṣì ń tẹ fọ́tò ní dáàkírúùmù náà ní ogun tiwọn. Ẹnlájà tó ń fi gíláàsì kó ìmọ́lẹ̀ jọ máa ń fi gbogbo eruku hàn kedere. Èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ká máa ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Fún ibi tí nǹkan ti ha ẹ̀yìn fíìmù, àwọn àgbà onífọ́tò á fi ìka pa òróró ẹ̀gbẹ́ imú wọn, wọ́n á fi kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, òróró á dí ihò náà, ìmọ́lẹ̀ á sì kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́. Àmì funfun tó bá ṣẹ́kù lórí pépà, búrọ́ọ̀ṣì tó mú bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kan aró sí i. Ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan àmì kọ̀ọ̀kan ní láti wo àmì kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tó wà nínú ìlọ́ra wọn nìyẹn, òun la sì ń gbìyànjú láti mú wá sídìí kọ̀ǹpútà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ilà sára ọmọdé. A kò bá òfin náà jà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fẹ́ kí wọ́n gbé abẹ sójú òun. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé abàjà, gọ̀ǹbọ́, pélé àti bààmú ń bá àwọn tó ni wọ́n lọ, fọ́tò ni yóò sì jẹ́rìí wọn. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti nu ẹnu rẹ̀ mọ́ jù kò lè sọ òótọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ní nẹ́gẹ́tíìfù nílé, ẹ má nù ún, ẹ má sì fi etí ẹ̀wù kàn án. Ẹ fi í sínú àpòòwé tó mọ́, ẹ gbé e síbi tí kò gbóná tí kò sì tutù jù. Kí ẹ tó gbé e fún wa, tàbí fún ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sórí àpòòwé náà, ẹ kọ irú ilà tó wà lójú rẹ̀, àti iye rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, àgbà kan ṣì wà nílé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é lórí fóònù lálẹ́ òní.